Ọkọ̀ Ni, Kì Í Ṣe Ọkọ

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kejì

Màámi,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ìtọ́jú Bàámi. Ṣé orúnkún yín ti ń jẹ́ kẹ́ ẹ gbádùn? Èmi wà láàyè, mo sì wà ní àlàáfíà. Otútù ibí yìí ò tíì gbé mi mì bí ẹ ṣe ń bẹ̀rù.

Ẹ ní gbogbo lẹ́tà mi kò ju "nǹkan ń lọ dáadáa" lọ, pé ẹ ò tiẹ̀ mọ̀ bóyá ọmọ yín ló ń kọ ọ́. Ó dáa. Ẹ fẹ̀yìn ti àga, eléyìí á gùn.

Ẹ mọ̀ pé yàrá ìfọṣọ ilé ìwòsàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ìsàlẹ̀ ilé ló wà, kò ní fèrèsé. Àwọn ẹ̀rọ ìfọṣọ tó ga ju èèyàn lọ wà lápá kan, wọ́n ń kùn látàárọ̀. Lápá kejì ni tábìlì gígùn tí àwa obìnrin ti ń ká aṣọ ibùsùn. Méjì méjì la máa ń ká a: èmi á di etí kan mú, ẹnì kejì mi á di èkejì mú, a ó nà án, a ó wá pàdé láàárín. Èdè tí à ń sọ níbẹ̀ ò lóǹkà. Ojú la fi ń bára wa sọ̀rọ̀ jù.

Láti bí oṣù méjì báyìí, wọ́n ti gba ọkọ̀ òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ wa. Orí òkè ni wọ́n kọ́ ilé ìwòsàn yìí sí, ọkọ̀ èrò kì í débẹ̀, ọkọ̀ yẹn nìkan la ní. Wọ́n ní ó bàjẹ́. Awakọ̀ rẹ̀, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan báyìí, ti di ẹni tó ń ru páálí nílé ìkẹ́rù. Tó bá rí wa, á kí wa, á sì wolẹ̀. Àwa náà ń fẹsẹ̀ rìn nínú òjò àti ẹrẹ̀ lọ sílé.

Lọ́jọ́ kan mo ń ká aṣọ, mi ò mọ̀gbà tí orin yín bọ́ sí mi lẹ́nu. Obìnrin tó ń lọ aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Áyọ́ọ̀nù, béèrè ohun tí mo ń sọ. Mo ní, "Ọkọ̀ wa dà?" ni. Mo ní ìyá mi ló kọ ọ́. Màámi, obìnrin náà gbé áyọ́ọ̀nù kalẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní kí n tún un kọ. Gbogbo yàrá ló mọ̀ ọ́n báyìí. Tí àwọn ìgbìmọ̀ tó ń darí ilé ìwòsàn bá wá bẹ ibi iṣẹ́ wò lóṣù kẹrin, a fẹ́ kọ ọ́ sí wọn létí.

Kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ rèé. Awakọ̀ yẹn ló yá wa ní ẹ̀rọ tá a fi gbà á. Ìyá Áyọ́ọ̀nù tún ohùn rẹ̀ ṣe díẹ̀, ó ní ó ń lọ sílẹ̀ jù. Ẹ gbọ́ ọ, kẹ́ ẹ sì súre fún wa. Jígí ìkàwé Bàámi wà nínú páálí kan náà.

Èmi ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹta

Ọmọ mi, ọmọ tí mo fi orin rẹ̀ lẹ́kún kó tó lè jókòó,

O kú iṣẹ́, o kú otútù, o kú àìrójú. Bàbá rẹ ń kí ọ. Ó ti gbé jígí wọ̀, ó ń ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí oògùn sí gbogbo wa létí, kò jẹ́ ká sinmi.

Kásẹ́ẹ̀tì dé. Háà! Ọmọ yìí, ṣé o fẹ́ pa mí ni?

Jẹ́ kí n tò ó fún ọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ọmọbìnrin oníròyìn kan wà lọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ yẹn, láti ilé iṣẹ́ rédíò, ilé iṣẹ́ kan náà tó kọ̀ tí kò lu orin mi nígbà ayé ọ̀dọ́ mi. Wọ́n ti wá ń wá mi kiri báyìí. Ó ní kí n sọ ìtàn ayé mi. Ó ní ìgbà wo ni mo pinnu láti máa fi orin jà fún àwọn tí wọ́n ń rẹ́ jẹ. Mo ní, ìyá mi, mi ò pinnu nǹkan kan o, ẹsẹ̀ ló ń dùn mí. Wọ́n gba ọkọ̀ wa nílé iṣẹ́ aṣọ ìbora, à ń rìn, ẹsẹ̀ ń dùn mí, mo kọrin. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó ní ó dùn. Mo sọ ti orin ẹ̀rọ omi fún un, èyí tí àwọn ọmọ àdúgbò fi ń lé ọ̀gá onípọ́ọ̀mpù kiri títí ó fi ń gba ẹ̀yìnkùlé wọlé ara rẹ̀. Mo sọ ti orin àwọn tó fẹ̀yìntì fún un, "Ẹ jókòó, ẹ máa retí". Ọ̀rẹ́ mi Ìyá Olówùú, ẹni tá a jọ ń to òwú lórí ẹ̀rọ láyé ọjọ́sí, ló jókòó tì mí, ó ń fi "bẹ́ẹ̀ ni o" gbè é.

Bí kásẹ́ẹ̀tì rẹ ṣe dé nìyẹn. Mo ní kí oníròyìn náà dúró kó gbọ́ bí orin mi ṣe sọdá òkun. Àní mo tún gèlè mi wé! A fi sínú rédíò. Ohùn yín jáde, ó dùn, ó kún:

Ọkọ wa dà? Ẹ sọ fún wa.
Ta ló gbé ọkọ wa pamọ́?

Ìyá Olówùú wò mí. Mo wo Ìyá Olówùú. Orin ń lọ:

Ọkọ wa gbó, ẹ pààrọ̀ rẹ̀,
Ọkọ kan ò tó wa, ẹ fún wa ní méjì!

Ọmọ mi, Ìyá Olówùú ti wà nílẹ̀. Oníròyìn ò lè di kálàmù mú mọ́. Bàbá rẹ, tó ń kan ẹsẹ̀ àga lẹ́yìnkùlé, pariwo wọlé pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì pààrọ̀ mi o, mo ṣì ń ṣiṣẹ́!" Mo rẹ́rìn-ín títí orúnkún tó ń dùn mí fi gbàgbé pé òun ń dùn.

Ọkọ̀ ni, kì í ṣe ọkọ! Ṣé ìwọ náà lo wà níbẹ̀ tí wọ́n gbé ohùn yẹn sókè? Kò lọ sílẹ̀ jù, ibi tó yẹ kó lọ ló lọ. Ìyá Áyọ́ọ̀nù ò gbọ́ èdè wa, mi ò bá a wí. Ìwọ ńkọ́? Ṣé otútù ti wọ ọ́ létí ni?

Ó dáa. Mo ti rẹ́rìn-ín tán. Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an rèé: ẹ má kọ ọ́. Ẹ máa fi ká aṣọ yín, ẹ fi mọ sí yàrá yẹn. Má lọ dúró níwájú àwọn ọ̀gá. Ìlú onílùú nibẹ̀. Tí wọ́n bá lé ọ, ọ̀dọ̀ ta lo fẹ́ lọ? Orin yẹn ti kóbá ẹnì kan rí, ẹni náà kì í sì í ṣe èmi. Gbọ́ tèmi, ọmọ mi.

Fi fọ́tò ránṣẹ́, èyí tó máa hàn pé ò ń jẹun.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹta

Màámi,

Ẹ kú ilé. Ẹ bá mi kí Bàámi, ẹ ní mo bẹ̀ wọ́n, kò sẹ́ni tó máa pààrọ̀ wọn.

Ìdajì àkọ́kọ́ nínú lẹ́tà yín pa mí lẹ́rìn-ín. Ìdajì kejì bí mi nínú, mi ò ní parọ́ fún yín. Ṣé ẹ̀yin lẹ kọ ọ́? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé mi pọ̀n dúró sẹ́nu géètì ilé iṣẹ́ omi? Orin yín ni mo fi mọ̀ pé èèyàn lè sọ̀rọ̀ kí wọ́n sì gbọ́. Ìgbà tó wá kàn mí, ẹ ní kí n panu mọ́. Ta ni orin yẹn kóbá? Ẹ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ẹ ò parí rẹ̀.

Obìnrin kan wà láàárín wa tó lóyún, òkè yẹn lòun náà ń gùn lójoojúmọ́. Kí n sọ fún un pé ìyá mi ò fẹ́?

A ti tún ohùn náà ṣe. Kásẹ́ẹ̀tì kejì rèé. Èmi fúnra mi ni mo dúró tì wọ́n.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kẹrin

Màámi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Lẹ́tà kankan ò tíì dé. Ojoojúmọ́ ni mò ń wo àpótí lẹ́tà bí ẹni tó fi nǹkan pamọ́ síbẹ̀. Ṣé orúnkún ni? Ṣé Bàámi ni? Àbí mo ti sọ̀rọ̀ jù? Tó bá jẹ́ pé mo sọ̀rọ̀ jù, ẹ bá mi wí nínú lẹ́tà, kí n rí i kà. Dídákẹ́ yín ni mi ò lè gbà.

Àwọn ìgbìmọ̀ ti sún ìbẹ̀wò wọn sí ìparí oṣù karùn-ún. Kò sí ohun tá a máa ṣe láìgbọ́ tẹnu yín.

Mo fi fọ́tò sí i. Ẹ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi dáadáa.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹrin

Ọmọ mi,

O kú iṣẹ́. Èmi bàbá rẹ ni. Jígí rẹ ló jẹ́ kí n lè kọ nǹkan. Ìyá rẹ lọ sípàdé àwọn tó fẹ̀yìntì, mo fẹ́ ti fi èyí ránṣẹ́ kó tó dé, nítorí náà màá sáré sọ ọ́.

Àkọ́kọ́, kásẹ́ẹ̀tì kejì dé. Ẹ ti gbé ohùn náà sókè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọkọ́ lẹ wá ń béèrè báyìí. Ọkọ́! Kí lẹ fẹ́ fi ro nílé ìwòsàn? Ìyá rẹ gbọ́ ọ, ó bọ́ sínú yàrá, ó sì ń dá rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Lẹ́yìn náà mi ò gbọ́ ẹ̀rín mọ́. Ó ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà sí ọ lọ́pọ̀ ìgbà, kì í parí rẹ̀.

Èkejì, èmi ni orin náà kóbá. A sọ fún ọ pé ojú ló jẹ́ kí n fi iṣẹ́ ọkọ̀ sílẹ̀. Irọ́ ni, má bínú. Èmi ni mò ń wa ọkọ̀ òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ aṣọ ìbora. Ọ̀gá gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ mi, ó ní kí n máa sọ fún gbogbo èèyàn pé ó bàjẹ́. Mo ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn obìnrin wá dúró sẹ́nu géètì, ìyá rẹ síwájú, ó ń kọrin. Ọ̀gá pè mí síta kí n wá sọ fún wọn. Ọmọ mi, mo ya ẹnu láti parọ́, irọ́ ò jáde. Mo ní, "Ọ̀gá, ọkọ̀ ò bàjẹ́, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lápò yín." Wọ́n lé mi kí oòrùn tó wọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n dá ọkọ̀ padà, wọ́n gbé awakọ̀ mìíràn lé e.

Mo bínú lọ sílé obìnrin olórin náà. Mo fẹ́ bá a jà. Mo ní, orin rẹ ti gba iṣẹ́ mi. Ó ní kí n jókòó ká tó jà. Mo jókòó. Mi ò tíì dìde títí dòní.

Ìyá rẹ rò pé òun jẹ mí ní ọkọ̀ kan. Mo ti sọ fún un títí, kò gbọ́. Ẹ̀rù ló ń bà á pé ẹlòmíràn á tún fara gbá a, pé ìwọ ni. Kò kórìíra ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe. Ó ń kọ ọ́ lábẹ́ ètè tó bá ń gbálẹ̀.

Mo ti ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ níta.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kejì, oṣù karùn-ún

Ọmọ mi,

O kú ìfaradà. Bàbá rẹ rò pé mi ò mọ̀ pé òun kọ lẹ́tà. Ó gbàgbé jígí rẹ̀ sórí ìwé ìkọ̀wé mi. Ṣé olè nìyẹn?

Ó ti sọ tiẹ̀, jẹ́ kí n sọ tèmi. Nígbà tí wọ́n dá ọkọ̀ padà, gbogbo wa wọlé, à ń jó. Ìgbà tí mo jókòó ni mo tó wo iwájú, mo rí i pé ẹ̀yìn orí ẹlòmíràn ló wà níbẹ̀. Orin gbẹ lẹ́nu mi. A jà fún ọkọ̀, kò sẹ́ni tó rántí awakọ̀. Ó ń dùn mí títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Ẹlẹ́yà ni Ìyá Olówùú fi mí ṣe ní tiẹ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó èmi àti bàbá rẹ. Ó dìde láàárín èrò, ó ní, "Gbogbo wa la béèrè ọkọ̀, òun nìkan ló gba ọkọ!" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi da omi sára. Nítorí náà, nígbà tí àṣìṣe yín jáde látinú rédíò, ó dà bíi pé ẹnì kan sọ àṣírí ilé wa fún yín.

Bàbá rẹ ní tí mo bá dí ọ lọ́wọ́, òun á lo jígí yẹn láti máa kọ lẹ́tà sí ọ lójoojúmọ́. Ó sàn kí n gbà.

Ẹ kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ dáadáa. Gbọ́ bí a ṣe ń kọ́ ọ: kí gbogbo wọn ṣe bí ẹni tó dúró sórí àtẹ̀gùn ọkọ̀. "Ọ", ẹsẹ̀ ṣì wà lókè. "Kọ̀", ẹsẹ̀ bọ́ sílẹ̀, gbì! Tí ẹsẹ̀ bá dé ilẹ̀, ohùn náà á dé ilẹ̀. Mo fi kọ́ àwọn tí ò gbọ́ èdè wa rárá nílé iṣẹ́ wa, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ò bá fẹsẹ̀ lu ilẹ̀, ọkọ ló ń wá, ẹ jẹ́ kó máa lọ.

Mo ti kọ ẹsẹ tuntun fún yín, ẹ fi í síwájú:

Aṣọ funfun, àwa la fọ̀ ọ́,
Ẹsẹ̀ wa dúdú nínú ẹrẹ̀.
Bẹ́ ẹ bá ń sùn, ẹ rántí wa.
Ọkọ̀ wa dà?

Ohun kan ṣoṣo tí mo bẹ̀ ọ́ rèé. Tí ọ̀gá bá béèrè ohunkóhun, kó má ṣe rí ẹnu kan ṣoṣo tó dáhùn. Kí gbogbo yín dáhùn pọ̀. Ẹnu kan ni wọ́n rí mú lọ́jọ́ tiwa.

Mo wo fọ́tò. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹn ò tíì tẹ́ mi lọ́rùn.

Ìyá rẹ tó ń gbàdúrà.


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹfà

Màámi, Bàámi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú àdúrà, ó gbà!

Gbogbo wa la fi àkókò ìsinmi kọ́ ọ. Ẹ̀ bá rí wa lórí àtẹ̀gùn ìsàlẹ̀ ilé, "Ọ", gbogbo ẹsẹ̀ sókè, "kọ̀", gbì! Ìyá Áyọ́ọ̀nù ló pẹ́ jù, ó ní ẹsẹ̀ òun gbọ́, ohùn òun ló lágídí. Nígbà tó wá mọ́ ọn lẹ́nu, ó gbá mi mọ́ra, áyọ́ọ̀nù fẹ́rẹ̀ẹ́ jó mi.

Àwọn ìgbìmọ̀ dé. Wọ́n rò pé wọ́n fẹ́ wo ẹ̀rọ ìfọṣọ. A ti kọ ìtumọ̀ orin náà gàdàgbà sára aṣọ ibùsùn kan tó ti gbó, a na án láàárín yàrá. A bẹ̀rẹ̀. Màámi, ilẹ̀ ń mì. Àwọn nọ́ọ̀sì sá sọ̀kalẹ̀ láti òkè, wọ́n rò pé ẹ̀rọ kan ló ti já lulẹ̀. Nígbà tí wọ́n rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀, àwọn náà ń fẹsẹ̀ lulẹ̀. Ọ̀gá àgbà gbé ọwọ́ sókè, ó béèrè ẹni tó kọ́ wa lórin yìí. Mo ti fi "Àwa ni" kọ́ wọn lédè wa. Gbogbo yàrá ló dáhùn, "Àwa ni!" Ó béèrè ẹni tó sọ pé ọkọ̀ ò bàjẹ́, tá a fi ń kọrin pé wọ́n gbé e pamọ́. "Àwa ni!" Ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, kò rí ẹni tó máa mú. Obìnrin àgbàlagbà kan nínú ìgbìmọ̀ wá ní kí wọ́n mú òun lọ wo ọkọ̀ náà. Wọ́n ṣí gáréèjì. Ọkọ̀ wà níbẹ̀, wọ́n da tapolíìnì bò ó, nǹkan kan ò ṣe é. Àwọn ọ̀gá kàn fẹ́ dín owó epo kù ni.

Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ọkọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Gbogbo wa sáré bọ́ síta. Mo wo iwájú kí n tó gbẹ́sẹ̀. Awakọ̀ mìíràn ló jókòó níbẹ̀.

Mi ò wọlé. Mo ní, awakọ̀ wa ńkọ́? Ìyá Áyọ́ọ̀nù tó ti wọlé tán sọ̀ kalẹ̀, ó fẹsẹ̀ lulẹ̀, gbì! Ẹni tó lóyún náà sọ̀ kalẹ̀. Kò sẹ́ni tó wọ ọkọ̀ náà lọ́jọ́ yẹn, ẹsẹ̀ la tún fi rìn sílé, ẹ̀rín la sì ń rín lọ. Bàámi, tiyín nìyẹn. Lọ́jọ́ kejì, ẹni tó ń ru páálí ti padà sídìí ọkọ̀ rẹ̀, ó wọ ẹ̀wù mímọ́, kò lè wo ojú wa.

Ó ku ohun kan tí mo fẹ́ sọ, ẹ má pariwo. Èmi ni mo máa ń kẹ́yìn sọ̀ kalẹ̀, torí ilé mi ló jìnnà jù. Ọkùnrin yìí ti gbọ́ orin wa títí ó fi mọ̀ ọ́n sórí. Ó ń kọ ọ́ tó bá ń wakọ̀. Ṣùgbọ́n orí ìjókòó ló wà, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí bíréèkì, kò lè fi lu ilẹ̀. Nítorí náà ohùn rẹ̀ kì í sọ̀ kalẹ̀. "Ọkọ wa dà?" ló ń kọ látàárọ̀ dalẹ́, á kọ ọ́, á wò mí nínú jígí ọkọ̀, á rẹ́rìn-ín músẹ́.

Mo ti tún un ṣe fún gbogbo èèyàn níbí. Òun nìkan ni mi ò tíì tún un ṣe fún.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù keje

Ọmọ mi,

Má tún un ṣe.

Ìyá Olówùú ti gbọ́, nítorí náà gbogbo àdúgbò ti gbọ́. Mo ń jó bí mo ṣe ń kọ èyí, ìdí nìyẹn tí kálàmù fi ń yẹ̀. Bàbá rẹ ti gbé jígí wọ̀, ó ka lẹ́tà rẹ délẹ̀, ó bọ́ ọ, ó nu ojú, ó tún gbé e wọ̀, ó tún un kà. Ó ní òun ò béèrè ilé tó ti wá, òun ò béèrè èdè tó ń sọ. Ìbéèrè kan péré lòun ní, kí o sì dáhùn rẹ̀ tọkàntọkàn:

Ṣé ó mọ ọkọ̀ wà dáadáa?

Ìyá rẹ.